Mọ́tò Yín Ń Sọ̀rọ̀, Ẹ̀yin Ń Ra Páàtì

1/ Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́ lónìí. Púpọ̀ nínú owó tí à ń ná sórí mọ́tò, owó àbá ni. "Àǹtí, ó jọ pé ṣọ́ọ̀kì ni." Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì. Ariwo ò lọ. "Á jẹ́ pé bushing ni." Ẹ ra bushing. Ariwo ṣì wà níbẹ̀, owó nìkan ló lọ. Thread rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/ Lókè òkun, àwọn kan máa ń sanwó kí wọ́n lè fi mọ́tò ara wọn sáré ní pápá ìsáré. Tí wọ́n bá gbọ́ ariwo àjèjì lẹ́yìn ìyẹn, jáàkì ló kàn: wọ́n á wo bíréèkì, wọ́n á mi táyà, wọ́n á yẹ nọ́ọ̀tì wò. Àwa ò ní pápá. Ọ̀nà àtijọ́ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni pápá tiwa. Bí 50 kìlómítà, kòtò lọ́tùn-ún, tírélà níwájú. Tá a bá wá dé Tákíẹ́ tí mọ́tò ń dún kò-kò-kò, rédíò la máa yí sókè. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló dé?

3/ Àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ariwo mọ́tò náà lédè. Ìgbà tó ń dún ló máa sọ ibi tó ti ń dún:

Kò-kò-kò nínú kòtò: ẹ wo linkage, bushing, ball joint àti ṣọ́ọ̀kì.
Kẹ-kẹ-kẹ tí ẹ bá ń yà, tí ẹsẹ̀ sì wà lórí tọ́rọ́tù: ẹ wo CV joint.
Hùùù tó ń ga bí eré ṣe ń pọ̀: wheel bearing, tàbí táyà tí kò jẹ dọ́gba.
Irin ń ha irin tí ẹ bá tẹ bíréèkì: páàdì ti tán.

4/ Tí mọ́tò bá dúró sójú kan, tí ẹ tẹ tọ́rọ́tù tí ariwo náà sì jáde, ẹ wo ọ̀dọ̀ ẹnjíìnì. Tó bá jẹ́ ìgbà tí táyà ń yí nìkan ló ń dún, kí lẹ fẹ́ fi engine seat tuntun ṣe?

5/ Nígbà míì, òkúta wẹ́wẹ́ ló há sáàárín dísìkì bíréèkì àti páànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń han bíi pé gbogbo ẹsẹ̀ mọ́tò fẹ́ já. Ẹ yọ òkúta, ariwo tán. Ẹ wo iye èèyàn tó lè ra bearing nítorí òkúta!

6/ "Mo ti scan ẹ̀ o." Ẹ ṣeun. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò OBD-II tá à ń ki scanner bọ̀. Ohun tí sensor bá rí ni scanner máa kà. Kò sí sensor lára ball joint. Scanner ò létí.

7/ Ẹ má tíì máa bú mẹkáníìkì, torí àwa la kọ́ wọn. Ọ̀gá á wọ abẹ́ mọ́tò fún ogójì ìṣẹ́jú, á rí òkúta, á yọ ọ́. Àwa á ní, "Ṣé ìyẹn náà lẹ fẹ́ gbowó sí?" Ṣùgbọ́n tó bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjì tí kò bàjẹ́, a ó sanwó, a ó tún dúpẹ́. A ti sọ fún un pé wíwò ò lówó lórí, pípààrọ̀ ló lówó lórí. Kí lẹ rò pé yóò máa ṣe?

8/ Ẹ ní owó ò sí? Nítorí pé owó ò sí gan-an ni. Ẹni tó lówó ló lè máa fi páàtì ṣe àbá. Àwọn tó sì ń fi voice note ariwo ránṣẹ́ sí DM kí ẹnì kan tí kò rí mọ́tò sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ rọra o.

9/ Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Tí ẹ bá ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, tí ball joint tó ti jẹ sì wà níbẹ̀, ọjọ́ tó bá já lórí eré, táyà á ṣẹ́ po, sítíárìn ò ní gbọ́ tiyín mọ́. Lójú títì kan ṣoṣo tá à ń lọ tá à ń bọ̀, tírélà ló wà lódìkejì. Ìyá yín tàbí àbúrò yín ló lè jókòó síwájú.

10/ Nítorí náà: ẹ kọ ìgbà tó ń dún sílẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká jọ wà á kí ẹ gbọ́ ọ." Ẹ dá owó wíwò lé e kó tó mú sípánà. Kó jáàkì í, kó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó mì í, kó fi ibi tó ń mì hàn yín. Tí kò bá lè fi hàn yín, ẹ má ra nǹkan kan.

Ẹ RT kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yí rédíò sókè lọ́wọ́.