Hoffmann ń tún agbọ́n alágbọ́n ṣe, lagbọ́n bá ta á

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí àgbàlagbà ọkùnrin ti ń kúnlẹ̀ fún irin, ẹ lọ síbi tí àwọn òyìnbó tó ń kó ògbólógbòó fẹ́sípà jọ ti máa ń pàdé ní Jámánì. Wọn á kúnlẹ̀, wọn á tan tọ́ọ̀ṣì, wọn á fi àkísà nu ara irin kí wọ́n lè rí nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i. Bó bá wá lọ jẹ́ pé èyí tí wọ́n ń pè ní Königin ló wà níbẹ̀, ariwo á sọ. Ayaba nìyẹn lédè Jámánì. Ayaba ọ̀hún rẹwà lóòótọ́, àmọ́ òun náà wà lára ohun tó gbé ọkọ ẹ̀ ṣubú.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọkọ̀ òfurufú ni ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì ń ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì. Bọ́ǹbù fọ́ ilé-iṣẹ́ wọn ní Pontedera túútúú, nígbà tí ogun sì parí, kò sẹ́ni tó ń wá ọkọ̀ ogun rà mọ́. Enrico Piaggio bá ké sí ẹnjiníà kan tó mọ̀ nípa hẹlikọ́pítà dáadáa, Corradino D'Ascanio, pé kó ṣe nǹkan tí mẹ̀kúnnù lè máa gùn lọ síbi iṣẹ́. Ẹ sì wò ó o, ọkùnrin yìí ò fẹ́ràn alùpùpù rárá. Ó ní ó ń dọ̀tí, ó sì ṣòro láti pààrọ̀ táyà ẹ̀. Ló bá ṣe èyí tí obìnrin lè wọ síkẹ́ẹ̀tì gùn, tí epo ò ní í ta sí i láṣọ. Ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1946, ni wọ́n fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Vespa ni wọ́n sọ ọ́, agbọ́n nìyẹn lédè Ítálì, nítorí ìdí ẹ̀ rogodo, ìbàdí ẹ̀ sì sín. Òun náà ni àwọn àgbà Ìbàdàn àti Èkó ń pè ní fẹ́sípà.

Ọjà yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Piaggio bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn níwèé àṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn. Douglas ń ṣe é ní Bristol láti ọdún 1951, ACMA ń ṣe é ní Fourchambault nílẹ̀ Faransé. Ní Jámánì, Jakob Oswald Hoffmann, tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù kéékèèké ní Lintorf, lẹ́bàá Düsseldorf, ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1950.

Ẹ rántí pé Jámánì ìgbà náà, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni, owó mọ́tò ò sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Fẹ́sípà Hoffmann bá ń tà wàràwàrà. Àmọ́ ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ẹni tó ń ṣe ti ẹlòmíì. Ó ṣe alùpùpù ńlá tó pè ní Gouverneur, ìyẹn sì ń jẹ owó. Nígbà tó di 1954, ó gbé Königin jáde. Fẹ́sípà náà ni o, àmọ́ Hoffmann ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ó ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó ń dán gbinrin.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn Piaggio yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn fún un láṣẹ kó ṣe ohun tí àwọn ṣe, àwọn ò ní kó máa tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó háyà ilé ò lè wó ògiri láìsọ fún lánlọ́ọ̀dù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé á dára sí i? Ìjà náà bá gbèsè nílẹ̀, kí ọdún 1954 sì tó parí, Hoffmann ti kógbá wọlé. Àwọn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà ní Lintorf bá wà lórí àga òfo. Ní 1955, Messerschmitt, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ òfurufú fún Hitler lójú ogun, ló gba iṣẹ́ fẹ́sípà náà.

Kò pé ọdún kan tí ayaba fi wà lórí àtẹ, ìdí tí àwọn tó ń kó o jọ fi ń wá a bí ẹní wá wúrà nìyẹn. Àwọn yòókù náà ní àmì tiwọn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí iná iwájú wà nísàlẹ̀ jù, ni Douglas bá gbé e kúrò lórí irin tó bo táyà iwájú, wọ́n gbé e sórí irin pẹrẹsẹ tó ń bo ẹsẹ̀. Ẹni tó bá rí iná níbẹ̀ ti mọ ọmọ Bristol. ACMA ní tiwọn ṣe èyí tó ń gbé ìbọn ńlá fún àwọn sójà Faransé tó ń fi párásúùtù bọ́ láti òfurufú.

Gbájúẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Àwọn kan ń kun fẹ́sípà lásán ní àwọ̀ sójà, wọ́n á ní ti ogun ni. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Vietnam wá, ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jó pọ̀, tí wọ́n fi pọ́tì dí, tí wọ́n kùn ún kó dán. Eré ọmọdé kọ́ nìyẹn, nítorí bí ojú ibi tí wọ́n jó bá já lórí eré, ẹni tó gùn ún lọ nìyẹn. Ìdí tí àwọn àgbà fi ń kúnlẹ̀ rèé: nọ́ńbà ara irin àti ti ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá ìwé mu. Ọ̀dà kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹni tó bá ń fi orúkọ ẹlòmíì jẹun, kó máa ka ìwé àdéhùn ẹ̀ dáadáa. Hoffmann mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe, ìwé ni kò tún kà. Lónìí, wọ́n ń du ayaba ẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, owó náà ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.