Ọ̀bẹ ni kí aláboyún ṣọ́ra fún

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí aláboyún yàgò fún wọ́tàmẹ́lọ̀n torí pé ó ń kó òtútù bá ọmọ inú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Agbẹ̀bí ni mí. Mo ti rí aláboyún tí èébì dá gúnlẹ̀, tó jẹ́ pé bàrà yìí nìkan ló ń dúró nínú rẹ̀. Omi ló kó nǹkan bí ìdá 92 nínú 100 rẹ̀!

Ọ̀bẹ ni ewu wà. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń gé tà ní gáréèjì: ó ti yí nínú erùpẹ̀, wọn ò fọ èèpo rẹ̀, wọ́n kàn ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, wọ́n wé e sí náílọ́ọ̀nù, oòrùn sì ń pa á láti àárọ̀. Ìdọ̀tí ara èèpo ti bá ọ̀bẹ wọlé nìyẹn. Lọ́dún 2011, bàrà cantaloupe láti oko kan ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, kó àrùn listeria ran èèyàn 147. 33 kú, oyún kan sì bàjẹ́. Àrùn náà lè má ju ibà díẹ̀ lọ lára ìyá, kó sì pa ọmọ inú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn aláboyún kí wọ́n ra odindi, kí wọ́n fi omi tó mọ́ fọ èèpo rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga, kó bi dókítà léèrè ìwọ̀n tó lè jẹ.

Agbẹ̀bí kan,
Ìbàdàn