Ọyẹ́ Ìbàdàn àti Iná Èédú Inú Yàrá

Bí oṣù kọkànlá ọdún bá ti ń parí lọ ni ọyẹ́ máa ń dé bá wa ní Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà; a máa ru erùpẹ̀ ilẹ̀ Chad kọjá lórí ilẹ̀ Haúsá títí yóò fi kó o dà sórí òrùlé wa. Ètè a máa là, gìgísẹ̀ a máa sán. Ẹni tí ó gun Láyípo ní Òkè Àrẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí Ilé Kòkó tí ó wà ní Dùgbẹ̀ mọ́. Ní irú àsìkò yìí ni àwọn kan ní Àgbówó, ní Challenge, àti ní ẹ̀yìn Ring Road máa ń gbé àdògán èédú wọ inú yàrá, tí wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń kọ wá lóminú, a kò sì lè dákẹ́ lórí rẹ̀.

A kò fi àwọn tí ń ṣe é ṣe ẹlẹ́yà. Abiyamọ tí ó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ́wọ́, àgbàlagbà tí oríkèé ń ro, òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó sì mọ̀ pé òtútù lè gbé e dìde sí i lóru: ìwọ̀nyí kò dáná nítorí fàájì.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ṣé àwọn baba wa kò yáná ni? Wọ́n yáná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí irú ilé tí wọ́n ń gbé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí àgbàlá ni wọ́n ti ń yáná jù, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ òrùlé koríko wọlé, ó ń gbà á jáde. Igi ni wọ́n sì ń dá. Èéfín igi kò ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní oore kankan, ṣùgbọ́n a máa ta ojú, a máa fa ikọ́, kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn tì í. Èédú kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá pọ́n tán, tí kò rú èéfín mọ́, ni a ń rò pé ó tó gbé wọlé. Yàrá tí a sì ń gbé e wọ̀ ní àjà lókè, ó ní fèrèsé onígíláàsì, a sì ti fi ọ̀rá àti àkísà dí gbogbo ihò rẹ̀ nítorí erùpẹ̀ ọyẹ́.

Ohun tí ń jáde lára èédú pípọ́n yẹn ni gáàsì tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ta ojú. Bí a bá mí i sínú, a máa dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ti í dì mọ́ ọn. Orí a fọ́, òòyì a kọ́ni, èébì a gbéni, orúnkún a sì yẹ̀. Ẹni tí ó wà lójúfò lè rá jáde. Ẹni tí ó ti sùn kò mọ ohun tí ń ṣe é. (Gáàsì yìí kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde.) Bí a bá bá ènìyàn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí a gbé e bọ́ sí ìta, kí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn. Epo pupa àti omi àgbọn tí a fẹ́ràn láti máa dà sí ènìyàn lọ́fun kò lè lé gáàsì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ya sí ọ̀nà èémí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni iná ìgbà òtútù ti ṣe ní jàǹbá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, èéfín ààrò ilé àti ti ilé iṣẹ́ dàpọ̀ mọ́ kurukuru lórí ìlú London fún ọjọ́ márùn-ún. Ìjọba ìgbà náà kà á sí nǹkan bí 4,000 ènìyàn tí ó kú. Àwọn tí ó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn náà ní ó tó 12,000. Ní ọdún 1956 ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin lórí èéfín. Bẹ́ẹ̀, òtútù ti London a máa mú omi di yìnyín. Tiwa ńkọ́?

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Ìbàdàn sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 20 ti Celsius, nígbà mìíràn a rẹ̀ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan náà lè gòkè dé 33. Ní Jos, ó lè wálẹ̀ dé 10. Òtútù tí kúbùsù, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà lè ká ni tiwa. Gbígbẹ afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí ó wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀: omi ara ń gbẹ kíákíá, bí ó sì ti ń gbẹ ni ara ń tutù, gẹ́gẹ́ bí omi inú àmù ti ń tutù.

Nítorí náà, kí a wọ̀n ọ́n. Kí a ra tẹmómítà méjì, kí a so wọ́n sí ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí wọ́n ga tó àyà àgbàlagbà. Kí a fi aṣọ òwú tútù wé ìdí ọ̀kan. Bí iye ara méjèèjì bá súnmọ́ra, omi wà nínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ọyẹ́ ti dé, bí erùpẹ̀ kò tilẹ̀ tíì bo ojú ọ̀run. Kí ọmọ ilé ìwé kan máa kà wọ́n kí oòrùn tó yọ, àti ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní IITA lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ilé iṣẹ́ NiMet ti ìjọba àpapọ̀ náà sì ń ṣe é. A rọ àwọn asọ̀rọ̀mágbèsì Ìbàdàn kí wọ́n máa ka iye náà fún wa ní èdè Yorùbá láràárọ̀. Ṣùgbọ́n tẹmómítà IITA kò mọ bí yàrá abiyamọ ti rí ní Àgbówó. Kí ìyá gbé tirẹ̀ wọ yàrá ọmọ. Yóò rí i pé ògiri búlọ́ọ̀kù tí ó ti mu oòrùn lọ́sàn-án kì í jẹ́ kí inú ilé tutù tó ìta, àti pé ọmọ tí a gbé mọ́ àyà lábẹ́ kúbùsù kò nílò àdògán.

Gbígbẹ yìí kan náà ni ó ń fún iná lágbára. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, láàrin ìgbà ọyẹ́, ni Ilé Kòkó alájà 26 jóná. Ọdún 1992 ni a tó tún un ṣí. Kí ẹni tí ń kó ẹ̀là pákó láti ọjà pákó Bódìjà lọ dáná fi èyí sọ́kàn. (Igi ayin àti igi òrí tí a ń gé ní Òkè-Ògùn láti fi sun èédú jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Ó ku àwọn onílé. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kan tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí aláboyún 324 ní Ìbàdàn. Àwọn kan ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ, a sì fún àwọn yòókù ní sítóòfù tí ń lo ẹtánọ́ọ̀lù. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú nǹkan bí 6 nínú 100 lára àwọn ti ìṣáájú; kò tó 2 nínú 100 lára àwọn ti ìkejì. Ibi tí a ti ń dáná àti ohun tí a fi ń dá a kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé kan sì ti sọ ilé ìdáná di yàrá, tí wọ́n ń gba owó ọdún lé e. Ayálégbé a wá máa dáná ní ẹnu ọ̀nà. Bí ọyẹ́ bá dé, òun àti àdògán rẹ̀ a jọ wọlé. A fẹ́ kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rán wọléwọlé jáde láti ilé dé ilé, kí wọ́n bi onílé níbi tí àwọn ayálégbé rẹ̀ ti ń dáná, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó dé.