Ìdí Tí Babaláwo Fi Ń Dífá Ọrọọrún

"Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún." Ẹni tí nǹkan le fún la sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú, pé ìgbà ń yí padà. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ló wà nínú ìdajì rẹ̀ kejì: babaláwo tó rí ire lánàá kò fi ti àná gbára lé tòní, ó tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ gbé ni. Ọgbọ́n yìí wúlò gan-an nídìí àìsàn CIDP, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti kọjú ìjà sí awọ tó bo iṣan tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ á wúwo, ọwọ́ ò ní lè di nǹkan mú dáadáa, àtẹ̀gùn á di òkè. Àmọ́ àìsàn náà lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tó tún gbérí. Bí ẹni tó gba oògùn tuntun lónìí bá dìde rìn lọ́la, a kò tíì mọ ohun tó gbé e dìde.

Èyí ló fà á tí ìwádìí ADHERE, tó dán oògùn efgartigimod wò, fi ní ìpele méjì. Èèyàn 322 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́ náà, ara bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì yá sí i. Ẹlòmíràn ì bá ti lu agogo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín àwọn tí ara wọn yá: àwọn 111 ń bá oògùn lọ, àwọn 110 ń gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, aláìsàn àti dókítà kò sì mọ ẹni tó ń gba èyí tàbí ìyẹn. Àìsàn padà sí ara 59 nínú àwọn tí kò gba oògùn, àmọ́ 31 péré ló padà sí lára nínú àwọn tó ń gbà á. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn 51 tó kù, tí àìsàn wọn kò padà nínú ìwádìí náà bí wọn ò tilẹ̀ gba oògùn mọ́. Ká ní ìpele kìíní ni àwọn olùwádìí ti dúró, gbogbo wọn ni ì bá máa jẹ́rìí pé abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé àwọn ró.

Àwọn kan á ní ìwà ìkà ni fífún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ asán, pé ojú dókítà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó láti mọ oògùn tó dára. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, nítorí ẹni tí ara ń ro kò ní àkókò láti ṣòfò. Àmọ́ ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá padà láǹfààní láti bọ́ sórí oògùn gidi. Ní ti ojú àgbà, oògùn steroid tó ń ran ọ̀pọ̀ aláìsàn CIDP lọ́wọ́ ni àwọn dókítà máa ń fún àwọn tó ní àìsàn Guillain-Barré, ìbátan CIDP, tẹ́lẹ̀, torí ó bá ọgbọ́n mu. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn 242, tí èsì sì jáde ní 1993, kò ṣàǹfààní kankan.

Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí efgartigimod fún CIDP ní oṣù kẹfà 2024, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí kò fòpin sí àyẹ̀wò. Ìwádìí ADHERE kò fi oògùn yìí wé àwọn ti tẹ́lẹ̀, kò sì sọ ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Dókítà tó bá kọ ọ́ fún aláìsàn lónìí gbọ́dọ̀ máa padà béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti bóyá aláìsàn náà ṣì nílò rẹ̀.