Ta Ló Ní Alágbára Méjì Ti Tó?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Nínú mọ́tò ni, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni, lóde ìnáwó ni. Bí ìròyìn bá ti jáde pé nọ́ọ̀sì kò tó mọ́ ní ilé-ìwòsàn ọpọlọ ìjọba, ẹnì kan á ju ọwọ́ nù: "Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ọ̀sì rẹpẹtẹ ṣe níbẹ̀? Ṣebí wèrè ni wọ́n ń tọ́jú. Ọkùnrin alágbára méjì, abẹ́rẹ́ oorun, kọ́kọ́rọ́, ó tán." Àwọn tó jókòó tì í á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà fún un. Ní Èkó, "Yaba Left", orúkọ tí wọ́n fi ń pe ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yábà, ti di èébú tí ọmọ kékeré mọ̀ dunjú. Ní Abẹ́òkúta, bí ìwà ẹnì kan bá ti yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Aro, ilé-ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀. Ẹ̀rín náà ti pọ̀ jù. Ó ti sú ni í gbọ́.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ tó ń pa èèyàn.

Bí ó bá di dandan kí a sọ ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, kò ju méjì lọ. Aláìsàn mìíràn máa ń jà nígbà tí àìsàn náà bá gùn ún. Abẹ́rẹ́ náà sì máa ń mú ara rọlẹ̀. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn ọpọlọ kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹni tó le jù nínú wọ́ọ̀dù lè jẹ́ obìnrin tó dákẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó kọjú sí ògiri, tí kò tíì jẹun láti àná. Kí ni alágbára méjì fẹ́ bá ìyẹn ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo agbára náà ná. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 23 kan tó ń jẹ́ Olaseni Lewis fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé-ìwòsàn ọpọlọ Bethlem Royal ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, àwọn òbí rẹ̀ sì ló bá a wá ìtọ́jú kiri. Nígbà tí ó fẹ́ kúrò níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá 11 ló dì í mọ́lẹ̀. Ó dákú sí wọn lọ́wọ́, kò sì jí mọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti kú. Ní 2017, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti jókòó lórí ìwádìí ikú rẹ̀ sọ pé agbára tí wọ́n lò fún un ti pọ̀ kọjá ààlà. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́. Ní 2018, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó sọ ọ́ di dandan fún ilé-ìwòsàn ọpọlọ láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn níṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n sì máa ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi agbára mú aláìsàn. Òfin Seni ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Alágbára mọ́kànlá nìyẹn, kì í ṣe méjì. Kí ẹni tó bá tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ agbára rántí ọmọ yìí kó tó la ẹnu.

Ó wá ku abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí àwọn èèyàn rò pé bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, iṣẹ́ ti parí. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú haloperidol, oògùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò káàkiri àgbáyé. Láàrin wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọrùn aláìsàn lè lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ lè yí sókè kó má lè wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ lè le kó má lè sọ̀rọ̀. Oògùn tó ń tú u sílẹ̀ wà, ó sì máa ń yá. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí i, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wò. Aláìsàn mìíràn kò ní lè jókòó, kò ní lè dúró. Á máa rìn lọ rìn bọ̀ nítorí pé oògùn náà ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú ara. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wèrè rẹ̀ ti pọ̀ sí i, á sì tún gún un ní òmíràn. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ara á gbóná janjan, iṣan á le bí igi, ọkàn aláìsàn á sì dàrú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè mọ ohun tó jẹ́, ikú ló kàn. Ẹni tí abẹ́rẹ́ gbé sùn pàápàá, wọ́n ní láti máa wo bó ṣe ń mí, kí wọ́n máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa padà wá wò ó léraléra.

Ta ni yóò padà wá wò ó? Kọ́kọ́rọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Ká ní wọ́ọ̀dù kan ní aláìsàn 30, nọ́ọ̀sì kan ló sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 8. Ìṣẹ́jú 480 nìyẹn. Bó bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú 16 ló kan aláìsàn kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin rẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú 16 yẹn ni yóò ti pín oògùn, tí yóò dúró títí aláìsàn yóò fi gbé e mì, tí yóò kọ ìwé, tí yóò dá àwọn ẹbí lóhùn, tí yóò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ sílé. Kò tíì bá aláìsàn kankan jókòó sọ̀rọ̀ o. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn 30 náà bá ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú nọ́ọ̀sì rárá nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo náà ti jókòó tì í. Àwọn 29 yòókù kò ní ẹnikẹ́ni. Ní irú òru bẹ́ẹ̀ ni okùn àti ṣẹkẹṣẹkẹ ń wọlé, kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ náà burú. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, nọ́ọ̀sì kan kò sì lè wà níbi méjì. Nígbà tí ojú kò tó, ìdè ni wọ́n máa ń fi rọ́pò ojú.

Àwọn ọ̀gá ilé-ìwòsàn ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń fi iye orí ìwé bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní, "Wọ́ọ̀dù yẹn ní nọ́ọ̀sì mẹ́wàá." Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ààyè kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ ṣófo tọ̀sán-tòru ń gba ju nọ́ọ̀sì mẹ́rin lọ. Fi ìsinmi ọdọọdún, àìsàn àti ìsinmi ìbímọ kún un, ó ti di márùn-ún. Nọ́ọ̀sì mẹ́wàá orí ìwé di méjì péré lórí ìdúró. Ìdí nìyí tí iye tó kéré jù tí òfin bá fọwọ́ sí fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iye àwọn tó dúró nínú wọ́ọ̀dù ní aago méjì òru, kì í ṣe iye orúkọ tó wà nínú fáìlì.

Àwọn kan á tún fi Lambo bojú. Wọ́n á ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo tọ́jú aláìsàn ní Aro láti 1954 láìní nọ́ọ̀sì rẹpẹtẹ; abúlé ló lò, àwọn ẹbí ló ń ṣe iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí ènìyàn nínú ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí pé wọ́n fi orúkọ ẹni rere gbé ọ̀rọ̀ burúkú kalẹ̀. Kí ni Lambo ṣe? Ó gba àwọn aláìsàn láàyè láti máa gbé ní àwọn abúlé tó yí Aro ká, ṣùgbọ́n aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìbátan kan wá, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé-ìwòsàn ní ojúmọmọ. Àwọn ará abúlé gbà wọ́n sílé. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń retí wọn ní ilé-ìwòsàn náà. Ẹ ka àwọn tó yí aláìsàn kan ká: ìbátan rẹ̀, onílé, aládùúgbò, nọ́ọ̀sì, dókítà. Lambo kò dín ènìyàn kù. Ó fi kún un. Ó ti rí i pé ènìyàn ni oògùn tó ṣáájú oògùn. Èèyàn wo ló wà nídìí aláìsàn tí wọ́n tì mọ́ wọ́ọ̀dù lóru òní, tí ẹbí rẹ̀ wà ní Ṣakí tàbí ní Ìkòròdú? Kí àwọn tó ń fi Lambo ṣe àwáwí lọ kọ́kọ́ ṣe ohun tí Lambo ṣe.

Àṣà títì-mọ́lé yìí gan-an kò ti inú ìtọ́jú wá. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣí ilé wèrè Yábà ní 1907, ibi ìpamọ́ ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan àti àwọn ilé àdúrà kan ń fi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn títí di àkókò yìí. Ohun tí a jogún nìyẹn. Kò pọn dandan kí a máa tọ́jú rẹ̀ bí ogún.

Pé owó kò sí? Owó wà fún ohun tí ìjọba bá fẹ́.

Pé àwọn nọ́ọ̀sì ti jápá? Wọn kò ní í dúró síbi tí ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni márùn-ún.

Kì í ṣe àlá ni pé kí òfin ka iye òṣìṣẹ́. Ní 1970, nígbà tí owó orí sìgá dín kù, wọ́n lé òṣìṣẹ́ 99 kúrò ní ilé-ìwòsàn Bryce ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Àwọn aláìsàn tó wà níbẹ̀ ju 5,000 lọ, nọ́ọ̀sì kan sì ni fún nǹkan bíi 250 nínú wọn. Ọmọ ọdún 15 kan, Ricky Wyatt, wà lára wọn, tí kò ní àìsàn ọpọlọ kankan. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ẹjọ́. Ní 1971, Adájọ́ Frank M. Johnson sọ pé ẹni tí ìjọba bá tì mọ́ ilé-ìwòsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹrin 1972, ó kọ iye náà sílẹ̀ ní kóòtù: fún aláìsàn 250, oníṣègùn ọpọlọ 2, dókítà 4, nọ́ọ̀sì tó gbàwé ẹ̀rí 12, àti ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́. Ó ní àìlówó kì í ṣe àwáwí. Ẹjọ́ náà kò parí pátápátá títí di 2003. Jámánì ṣe ìlànà tirẹ̀ ní 1991. Ní California, láti 2004, aláìsàn mẹ́fà ni òfin gbà fún nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ.

Nàìjíríà pàápàá ti ju òfin wèrè ayé àwọn òyìnbó nù. Ní oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó 300, àwa sì ju 200 mílíọ̀nù lọ, nítorí náà nọ́ọ̀sì ni ẹrù náà wà lọ́rùn rẹ̀. Kí wọ́n kọ iye tó kéré jù sílẹ̀ fún òwúrọ̀, fún ọ̀sán àti fún òru. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ní Yorùbá, níbi tí ìyá aláìsàn ti lè kà á. Bí iye náà kò bá pé, kí wọ́ọ̀dù má gba aláìsàn tuntun.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹ̀yin tí ẹ bí i lọ́mọ, tàbí tí ẹ ní i ní àbúrò, ní ọkọ, ní ọ̀rẹ́, ẹ má tún bá wọn rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò mọ́. Bí ẹ bá lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́: aláìsàn mélòó ló wà níbí lálẹ́ òní, nọ́ọ̀sì mélòó ni yóò sì dúró tì wọ́n di àárọ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí aṣòfin tí ẹ dìbò yàn sí Abùjá, kí ẹ sì tún lọ béèrè lóṣù tó ń bọ̀.