Ọjọ́ Tí Dókítà Dá Fún Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí tí ń gbé aláàbọ̀ ara wọn lọ sí ilé ìwòsàn ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì kan ilé rẹ̀, kí ó má ṣe sọ pé kò kan òun, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ọ̀la yóò bí.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú ní ẹsẹ̀ méjèèjì kí ó tó pé ọmọ ọdún 3. Aṣọ ni ó ń rán jẹun, ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó sì ń lò. Kò ṣagbe rí. Àga oníkẹ̀kẹ́ ni ó fi ń rìn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ẹ̀jẹ̀ ríru dé bá a, èjìká tí ó fi ń ti àga náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ti di ọ̀nà oko fún wa.

Ní ọjọ́ kan tí dókítà dá fún wa, a jí ní agogo 4 òru. Dánfó kò gbà wá, nítorí awakọ̀ ní àga náà yóò gba àyè ènìyàn méjì. Takisí ni a háyà, owó rẹ̀ sì ju owó oògùn ọjọ́ náà lọ. Agogo 7 kò tíì lù tí a fi dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń gba káàdì, ṣùgbọ́n òkè ni yàrá dókítà wà, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè sì ti bàjẹ́. Ọkùnrin méjì tí a kò mọ̀ rí ni ó bá wa gbé ẹ̀gbọ́n wa gun àtẹ̀gùn, níṣojú gbogbo èrò, bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Kí a tó dé òkè, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá. Nọ́ọ̀sì ní a pẹ́, kí a lọ sí ẹ̀yìn ìlà. Agogo 1 ọ̀sán kọjá kí a tó rí dókítà. Òun náà kò wo ojú ẹ̀gbọ́n wa, àwa ni ó kọjú sí, ó ní, “Kí ni ó ń ṣe é?” Ẹ̀gbọ́n wa dá a lóhùn pé, “Dókítà, ẹsẹ̀ mi ni kò ṣiṣẹ́, ẹnu mi ń ṣiṣẹ́.” Ojú ti dókítà náà, ó sì bẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 10 kò pé tí a fi parí.

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Pípẹ́ tí a pẹ́ ni nọ́ọ̀sì rí, kò rí àtẹ̀gùn. A mọ̀ pé èrò pọ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì kò sì tó. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀pọ̀ ẹbí a jókòó sí ilé wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í kígbe kí ó tó ṣeni ní jàǹbá. Ẹni tí ó bá ń pa ọjọ́ dókítà jẹ lè ti ibẹ̀ kó sí ọwọ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn nìkan.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀ràn àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2011. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin gbogbo Nàìjíríà, èyí tí ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé ní ọdún 2024. Òfin náà sì wí pé níbi tí èrò bá tò sí, àwọn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti àtayébáyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. A yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti mú ṣáájú kò bá a lọ. Wọ́n wà láàrin wa, wọ́n sì ń dàgbà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kí dókítà sọ̀ kalẹ̀ wá bá aláìsàn tí kò lè gun òkè. Kí a kọ ọ́ sí ara káàdì rẹ̀ pé kò lè rìn, kí akọ̀wé káàdì lè mọ̀ kí ó tó dé. Ẹni tí ó ní dókítà méjì, kí a dá ọjọ́ kan náà fún un lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó ní àìsàn ni kí a bi léèrè ohun tí ń ṣe é.

Ó kù sí ọwọ́ àwa ará ilé náà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń ru ẹrù yìí, òun ni ọ̀gá rẹ̀ ń bínú sí, òun ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń tì pa, nígbà tí àwọn ìyókù ń fi ẹnu kí i pé ó kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí a pín in: kí ẹnìkan san owó ọkọ̀, kí ẹnìkan bá wọn lọ, kí ẹnìkan sì tọ́jú ìwé kékeré tí a kọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ dókítà sí. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ àti ẹ̀yin oníṣòwò, ẹni tí ó bá tọrọ ààyè láti gbé ẹbí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọjọ́ tí dókítà dá fún wa ní oṣù tí ń bọ̀ ti wà lára káàdì. Ẹ̀gbọ́n wa ti ń múra sílẹ̀. Ǹjẹ́ ìlú náà ti múra bí?