Abọ́ Tí Ìyá Gbé Pamọ́



Tọkọtaya kan wá bá wa lóṣù tó kọjá. Wọ́n gbà kí a sọ ọ̀rọ̀ wọn láìdárúkọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọkọ, ọmọ Íbò ni aya. Láti ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀ ni ìjà ń bọ̀. Aya ní òun fẹ́ lọ sílé. Ọkọ ní bí àwọn bá lọ, ta ni yóò gbé ìrẹsì fún àwọn aládùúgbò, pàápàá àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n gbé ẹran Iléyá wá fún wọn?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣe Kérésìmesì ní Èkó kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìjẹ̀bú tí kò lọ sílé nígbà náà lè lọ fún Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ì báà jẹ́ Kristẹni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Íbò, oṣù Kejìlá ni oṣù ilé. Ìgbà náà ni ìpàdé ẹbí, ìgbà náà ni ìgbéyàwó, ìgbà náà ni wọ́n ń parí ìjà ilẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí afárá kejì lórí Odò Ọya ní Onitsha ní ọdún 2023, ọkọ̀ a máa tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí nídìí afárá àtijọ́ ti 1965, síbẹ̀ wọn kì í yé lọ.

A bi aya pé ta ló ń retí rẹ̀ nílé. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, ìyá òun ṣì ń se oúnjẹ gbogbo ọmọ lọ́jọ́ ọdún, yóò sì gbé abọ́ ti òun pamọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ èyí rí.

Àwa pásítọ̀ fẹ́ràn láti máa fi Rúùtù, tó tẹ̀lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, wàásù fún àwọn ìyàwó. A kì í sábà rántí pé ìyàwó náà ní ìyá. A sì tún máa ń bínú pé àwọn ará rìnrìn àjò, ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo!

Wọ́n ti fẹnu kò báyìí. Wọn yóò se ìrẹsì àwọn aládùúgbò ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, wọn yóò sì gbéra lọ́jọ́ kejì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìyá ni yóò wá sí Èkó. Ọkọ bèèrè nípa eégún tó máa ń jáde nílé àna rẹ̀ nígbà ọdún, bí ẹni pé Ìjẹ̀bú kò ní Agẹmọ! A ní kó jókòó sínú ilé títí wọn yóò fi kọjá, kó má sì bú ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ti ń dìde, aya ní ẹ̀rù ń ba ìyá òun pé àna rẹ̀ kò ní lè jẹ ofe onugbu. Ọkọ rẹ́rìn-ín. "Sọ fún Màmá pé ewúro ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà."